Ogún Ọta Tó Kù Nínú Àpótí Einar

Chinook, Montana
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà, 1997

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún o, níbi tí wọ́n ní òtútù ti ń mú yín nígbà tí oòrùn ń yan àwa níbí bí búrẹ́dì. Ẹ kú iṣẹ́ inú ihò wúrà. Màmá àgbà ní kí n kí yín. Mo ti kí yín.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé ilé ìdáná ni fóònù wà, etí Màmá àgbà sì gùn ju ti ehoro lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin náà kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ kàn máa ń mí ni, bí ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

Àlìkámà wa ti ga dé ìbàdí mi. Yìnyín já lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀ tóbi tó orí ọmọ màlúù. Ó dáa, ó tó ẹyin. Ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju yìnyín lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Orval Tiede, alága ẹgbẹ́ ìyìnbọn, wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ó ní, "Verna, ẹ jọ̀ọ́, a wá tú àwọn ọta Einar ni." Ẹ̀yin náà mọ àṣà ẹgbẹ́: bí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ di ọta bá kú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á wá yọ orí gbogbo ọta tó dì sílẹ̀, wọ́n á sì da ẹ̀tù inú ẹ̀ sídìí òdòdó opó. Ẹnìkan kì í yin ọta tí ọwọ́ ẹlòmíràn dì, pàápàá ọwọ́ tí kò sí mọ́ láti dáhùn ìbéèrè.

Màmá àgbà ní, "Orval, kọfí wà lórí iná. Bí kọfí lẹ bá wá mu, ẹ jókòó. Bí ọta lẹ bá wá gbà, ọ̀nà nìyẹn."

"Verna, ẹ mọ òfin."

"Mo ti mọ òfin kí ìwọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń de okùn bàtà."

Wọ́n mu kọfí, wọ́n jẹ àkàrà òyìnbó tí wọ́n fi ewébẹ̀ rúbábù ṣe bíi pé wọn ò jẹun láti ọdún tó kọjá, wọ́n lọ. Àpótí ọta mẹ́ta tí Bàbá àgbà dì ló ṣì wà nínú yàrá abẹ́ ilé. Méjì kún. Ogún péré ló wà nínú ẹ̀kẹta, àwọn gígùn wúwo tí Bàbá àgbà ń fi yin pátákó ẹgbẹ̀ta yáàdì.

Dádì, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ohùn kan ń jáde láti yàrá abẹ́ ilé. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi tí mo ti ń to páìpù omi ní oko dé, mo máa ń gbọ́ ẹ: kí-rììì, gbì. Kí-rììì, gbì. Ẹ̀rọ tí Bàbá àgbà fi ń tẹ ọta ni. Bí mo bá ní "Ta nìyẹn?" ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màmá àgbà á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú ewébẹ̀ lọ́wọ́, á bi mí pé kí ló dé tí mo funfun bí ìyẹ̀fun. Tansy, ajá wa, máa ń jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn abẹ́ ilé, ó ń ju ìrù. Ajá kì í ju ìrù fún àjèjì, Dádì. Màmá àgbà sì ṣì ń gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́. Mo ka abọ́ yẹn títí, mi ò gbé e kúrò.

Ìdíje oṣù Kẹsàn-án, ìrántí Bàbá àgbà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n máa fín orúkọ Bàbá àgbà sára ife. Ẹ jẹ́ kí n yin ogún ọta yẹn. Mo lè ṣe é. Mo ti ń yin òkété oko lójú láti ibi tí ẹyẹ ò lè fò dé.

Àga yín ṣófo níbi ìsìnkú. Mi ò bínú. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ pé mo rí i.

Ọmọ yín tí kì í parọ́ (púpọ̀),
Signe

*

Kalgoorlie, Australia
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje

Signe,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ara mi le. Eruku pupa ni mò ń jẹ, eruku pupa ni mò ń mu. Bá mi kí Màmá.

Má fi òkú ṣe eré. Bàbá mi ò jókòó sí abẹ́ ilé kó máa dẹ́rù bà ọ́. Ọdún tó kọjá, o kọ̀wé pé béárì gbé ẹ̀ńjìnnì tírákítọ̀ Tiede lọ. Mo sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kí n tó gbọ́ pé wáyà ló jó nínú ẹ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Béárì níbí.

Ní ti àga, mo kà á. Ọ̀nà Chinook ti dí fún yìnyín ìgbà òtútù ní ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi wá ọkọ̀ òfurufú. Nígbà tí ọ̀nà là, ẹ ti sin ín. Mi ò fẹ́ kí a tún sọ ọ́.

Màmá jàre. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àpótí kẹta yẹn, títí kan ìwọ. Èmi ni màá yin ín. Mo ti gba ìsinmi, mò ń bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, nítorí o kéré nígbà náà. Nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń yin ọta ńlá, tí èjìká wọn ń wú, Bàbá mú ìbọn ẹnu tín-ín-rín wá. Wọ́n pè é ní ìbọn eku. Wọ́n ní atẹ́gùn Montana á gbé ọta rẹ̀ lọ sí Dakota, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dún àkọ́kọ́. Ó wá rí orí ọta wúwo rà, ọgọ́rin gíréènì lórí òṣùwọ̀n, gígùn, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Èyí kọ̀ láti bá ìbọn náà rẹ́: ìlà tó lọ́ nínú ọ̀pá ìbọn dẹ̀ jù, kò lè yí ọta gígùn dáadáa, ọta ń dé ibi pátákó ní ìbú, ihò rẹ̀ dà bí ihò kọ́kọ́rọ́. Ó tún ra ọ̀pá mìíràn tí ìlà rẹ̀ lọ́ pinpin bí ìkarahun ìgbín. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Darrell, ọta fúyẹ́ yá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló ni ín. Èyí tó wúwo ò kánjú, ó mọ ilé tó ń lọ."

Mi ò fọwọ́ kan bàbá mi kó tó wọ ilẹ̀. Ohun tó fọwọ́ ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn. Jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ

*

Chinook
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Keje

Dádì,

Ẹ kú eruku o, Bàbá Béárì. Ẹ kú ìfaradà.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bí ẹ bá wà lórí àkàbà, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan àpótí kẹta. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa ìkejì. Lọ́jọ́ Jimọ́ tí Màmá àgbà lọ bá àwọn obìnrin ìjọ dín lefse, àkàrà ọ̀dùnkún pẹlẹbẹ, mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú Tansy. Òórùn Bàbá àgbà ṣì wà níbẹ̀, Dádì: òróró ìbọn, kọfí, àti súìtì míǹtì tí wọ́n máa ń jẹ. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń sọ pé "Ẹ káàsán sà."

Mo mú ọta mẹ́ta láti inú àpótí kejì. Mo fi òòlù tí wọ́n fi ń yọ orí ọta lù wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní, orí rẹ̀ yọ, ẹ̀tù rẹ̀ dà jáde dáadáa, dúdú, gígùn-gígùn bíi gígé irun. Ìkejì, orí yọ, kò sí nǹkan kan. Òfìfo. Bí ọta bẹ́ẹ̀ bá wọ ìbọn, ìṣáná ìdí rẹ̀ nìkan ló máa ti orí ọta dé àárín ọ̀pá, á há síbẹ̀. Ẹni tó bá wá yin èyí tó tẹ̀lé e, ẹ fúnra yín mọ ohun tí ojú ẹ̀ máa rí.

Ẹ̀kẹta ló jẹ́ kí n jókòó sílẹ̀. Ẹ̀tù inú rẹ̀ kì í ṣe gígùn-gígùn. Pẹlẹbẹ ni, róbótó-róbótó, bíi ìpẹ́ ẹja kéékèèké. Ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ ni, èyí tó ń jó kíá. Ó sì kún. Dádì, bí ẹ bá yin ìyẹn, ìbọn náà á fọ́ mọ́ yín lójú.

Mi ò fi iyọ̀ sí i. Kò sí béárì níbí. Mo fi ibojì Bàbá àgbà búra.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yin àwọn ogún yẹn. Ẹ jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Tiede wá tú wọn. Mi ò tíì sọ fún Màmá àgbà. Mi ò mọ ojú tí mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ohùn yẹn ṣì ń dún nírọ̀lẹ́. Ó dún lánàá. Ìró rẹ̀ falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tí agbára ń tán lára ẹ̀.

Ẹ tètè fèsì. Ẹ fi síwájú iṣẹ́.

Signe

*

Kalgoorlie
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ

Signe,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, inú mi ń bàjẹ́ sí i ni.

Ogójì ọdún ni bàbá mi fi di ọta. Gbogbo ọmọ tó mọ ìbọn mú ní àdúgbò yẹn, òun ló kọ́ wọn. Ó máa ń fi orí ọta gba orí àbẹ́là kó lè dúdú, kó lè fi wo ibi tó ti ń kan ìlà inú ìbọn. Ó ń wọn ẹ̀tù bí oníwúrà ṣe ń wọn wúrà. Ṣé ọkùnrin yẹn ló máa gbàgbé láti ki ẹ̀tù? Ṣé òun ló máa mú agolo ẹ̀tù ìbọn ìléwọ́ dípò tirẹ̀?

Ẹnu tó o fi sọ ti béárì náà lo fi ń sọ èyí. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tó ń jáde níbẹ̀? Bí ọta kan bá bàjẹ́ nínú àpótí kejì, á jẹ́ pé ẹnì kan ti wọ ibẹ̀. Bóyá Tiede ni. Bóyá ìwọ ni, nítorí o fẹ́ yin ogún yẹn fúnra rẹ, mo sì ní rárá.

Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Màá dé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Ìdíje di ogúnjọ́. Màá yin ogún ọta bàbá mi, màá sì padà síbi iṣẹ́.

Bá mi kí Màmá. Má da ọkàn rẹ̀ láàmú pẹ̀lú ìtàn yìí.

Bàbá rẹ

*

Chinook
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án

Dádì mi,

Ẹ kú ìbínú. Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ ìrìn àjò.

Mi ò mọ̀ bóyá lẹ́tà yìí á bá yín kí ẹ tó wọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ó lè bá yín, ó sì lè má bá yín. Mo ní kó sáré tẹ̀lé e. Ó ní òun ò ní ìyẹ́.

Ẹ máa kà á fara balẹ̀. Kò sí yìnyín, kò sí béárì.

Lẹ́tà yín dun mí débi pé mo pinnu pé màá mú iwin náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, mo sọ fún Màmá àgbà pé mò ń lọ to páìpù. Mo yí gba ẹ̀yìn, mo wọ abẹ́ ilé, mo fara pa mọ́ sẹ́yìn pẹpẹ tí wọ́n to ìgò ewébẹ̀ bíìtì sí. Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìnkùlé ṣí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni fìlà Bàbá àgbà. Lẹ́yìn náà ni épírọ́ọ̀nù wọn. Mo ní, "Bàbá àgbà?" ohùn mi sì jáde bíi ti ọmọ ológbò.

"Kò sí Bàbá àgbà níbí. Jáde wá, kí o tó fọ́ ìgò bíìtì mi."

Màmá àgbà ni. Wọ́n dé fìlà yẹn nítorí gílóòbù ń tàn sí wọn lójú.

Wọn ò bínú. Wọ́n jókòó sórí àga Bàbá àgbà, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀rọ mú pẹ̀lú ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Kí-rììì, gbì. Oríkèé ìka wọn ti wú bí ọ̀dùnkún.

Mo ní, "Màmá àgbà, kí lẹ ń ṣe?"

"Ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún méjì."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń di ọta Bàbá àgbà ni?"

"Òun ló ń dì í. Èmi ń tún un dì."

Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màmá àgbà gbé kọfí wá fún Bàbá àgbà lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì rí agolo ẹ̀tù méjì lórí tábìlì. Ẹ mọ òfin tí Bàbá àgbà máa ń lu tábìlì sọ: agolo kan ṣoṣo lórí tábìlì, ìyókù lórí pẹpẹ. Bàbá àgbà lé ọmọ Tiede kúrò ní kíláàsì nítorí agolo méjì. Màmá àgbà ní, "Signe, mo dúró pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Ó yíjú, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó pè mí ní Alma." Orúkọ àbúrò Bàbá àgbà tó kú sódò nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ fún mi.

Màmá àgbà gbé agolo kan padà sórí pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá àgbà bá sùn lọ́sàn-án, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tú gbogbo èyí tí Bàbá àgbà dì lówùúrọ̀, wọ́n á tún un dì. Màmá àgbà ti ń wo ọwọ́ Bàbá àgbà láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ojú ti kọ́ ọ tán kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àpótí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni wọn ò tíì kàn kí Bàbá àgbà tó kú. Ife ọdún tó kọjá, ọta Màmá àgbà ló gbà á. Bàbá àgbà gbé ife yẹn wálé, ó ní, "Verna, ọwọ́ mi ò tíì yẹ̀." Màmá àgbà ní, "Kò tíì yẹ̀, Einar."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ tú u lóṣù Kẹfà, kí gbogbo ẹ̀ tán.

"Kí Orval wá gbé e lé òṣùwọ̀n? Kó rí òfìfo, kó rí ẹ̀tù tí kò yẹ? Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti máa sọ ọ́ nílé kọfí pé Einar Ostby tó ń kọ́ ọmọ wa kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́. Wọ́n á fín orúkọ ẹ̀ sára ife, wọ́n á máa wo ara wọn lójú." Wọ́n nu gíláàsì wọn. "Òun ò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo fi ọdún méjì ṣọ́ ọ kó má baà mọ̀. Ṣé Orval ló máa wá mọ̀?"

"Ẹ bá sọ fún Dádì ná."

"Bàbá ẹ ò rí ojú bàbá ẹ̀ mọ́. Jẹ́ kó yin ọta ẹ̀."

Dádì, mi ò mọ ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe. Èmi wọ épírọ́ọ̀nù ni.

Láti ọjọ́ Ajé yẹn ni a ti ń ṣe é. Àpótí kìíní, wọ́n ti tún un dì tán kí n tó mú wọn. A jọ parí ìkejì. Màmá àgbà ń wọn ẹ̀tù, èmi ń tẹ ẹ̀rọ, nítorí ọwọ́ wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Agolo kan ṣoṣo lórí tábìlì. Bí orí ọta mi bá wọlé ju bó ṣe yẹ lọ bí irun kan, wọ́n á ní, "Ó jìn jù. Tú u." Mo ní ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní, "Atẹ́gùn." Lánàá, a kan àpótí kẹta, ogún yín. A tú mọ́kàndínlógún, a sì tún wọn dì. Mẹ́rin nínú wọn ò dáa rárá. Mo sunkún lórí ẹyọ kan. Mi ò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tó ku ẹyọ kan, Màmá àgbà fi ọwọ́ bò ó.

"Èyí, má fọwọ́ kàn án."

"Màmá àgbà!"

"Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀ nígbà tó di èyí. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ń kọjá lókè, ó ní 'Verna, gbọ́ wọn.' Orúkọ mi ló pè. Orí ẹ̀ pé lọ́jọ́ yẹn. Agolo kan ló wà lórí tábìlì, mo rí ẹ̀tù tó bù. Jẹ́ kí ẹyọ kan jẹ́ tiẹ̀."

Kí n tó lanu, wọ́n ti sọ ọ́ sáàárín àwọn yòókù, wọ́n fọwọ́ rú wọn pọ̀ bí ẹni ń fọ ẹ̀wà. Mo gbé gbogbo ogún lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan: kò sí òfìfo. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ò lè sọ irú ẹ̀tù tó wà nínú ọta tí a ti dì pa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu Màmá àgbà nìkan ni mo ní. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ojú yín ni mò ń rò, Dádì. Nítorí náà, mo fi lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti ka èyí kí ẹ tó dé, ẹ má sọ nǹkan kan fún Màmá àgbà. Bí ẹ bá gbà láti yin wọ́n, ẹ ṣẹ́ ojú òsì sí mi. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ sọ pé èjìká ń dùn yín, èmi á mọ bí màá ṣe da àpótí náà sódò, màá sì fi irọ́ béárì bo ara mi.

Abọ́ kẹta ṣì wà lórí tábìlì. Èmi ni mò ń gbé e kalẹ̀ báyìí.

Signe

*

Kalgoorlie
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá

Signe, ọmọ mi,

Mo dé láyọ̀. Lẹ́tà rẹ ti ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ọjọ́ kejì tí mo gbéra níbí ló wọlé. Mo kà á pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, báàgì sì ṣì wà léjìká mi.

Mi ò ṣẹ́ ojú sí ọ. Eruku ìkórè ló wọ̀ mí lójú ní pápá ọkọ̀ òfurufú Great Falls, ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ náà ń ṣẹ́ ojú padà sí mi bí òwìwí, mo ń sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí ti ya wèrè. Mo bi Màmá pé ṣé ojú ń dùn ọ́ ni. Màmá ní ìbàlágà ni.

Nísinsìnyí mo mọ ìdí tí o fi dúró lẹ́yìn mi ní orí ìlà ìyìnbọn pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu, tí o ń fò sókè ní gbogbo ìgbà tí mo bá fa ìbọn, ìwọ tó o ti gbọ́ ìró ìbọn láti inú oyún. Mo mọ ìdí tí Màmá ò fi kúrò nídìí awò gígùn tí wọ́n fi ń wo pátákó lọ́ọ̀ọ́kán, tí ó sì kọ kọfí Tiede.

Mo bínú sí ọ nínú lẹ́tà. Òótọ́ lo sọ, mo sì pè ọ́ ní òpùrọ́. Dárí jì mí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o kò lè rí láti ẹ̀yìn. Ọta gígùn yẹn kì í wọ àpò ìbọn, o mọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń fọwọ́ fi í sínú ìbọn. Gbogbo èyí tí mo bá mú, mò ń fi àtàǹpàkò pa á, mò ń sọ pé ọwọ́ bàbá mi nìyí. Mo bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ ti yìnyín fún un, mo sọ ti ọ̀nà tó dí. Atẹ́gùn ń ti apá òsì wá, kò lágbára, àsíá ń gbé ìrù díẹ̀díẹ̀. Ọta ń lọ, àwọn tó wà nínú kòtò ń fa pátákó sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń gbé e gòkè pẹ̀lú àmì láàárín dúdú. Ìkan, èkejì, títí dé ìkẹwàá, wọ́n ń bọ́ síbi kan náà bí àgùntàn tó mọ ọgbà. Títì tí ìbọn ń ti èjìká mi ò yàtọ̀ rárá.

Èyí tó tẹ̀lé e rọ̀ léjìká mi. Díẹ̀ ni, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó gbàgbé. Àsíá ò mì. Èmi ò sì ṣe àṣìṣe kankan. Pátákó pẹ́ kó tó gòkè, nígbà tó sì gòkè, àmì ti wà lápá òsì nísàlẹ̀, ní òrùka kẹjọ. Gbogbo ìlà rí i. Tiede pariwo lẹ́yìn mi, "Darrell! Einar ì bá ti ju fìlà ẹ̀ sínú ẹrẹ̀!"

Mo ní, "Ọta játijàti! Ta ló di ìranù yìí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rí Màmá tó gbé ojú kúrò nídìí awò, tó tẹ orí ba. Mo rò pé oòrùn ni.

Mo yin mẹ́sàn-án tó kù, gbogbo wọn wọ àárín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Tiede tó gbójú fo òfin ẹgbẹ́ fún mi nítorí ìrántí náà sì sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ ò yẹ̀ rí, títí tó fi kú." Àpótí kẹta ti ṣófo, bí wọ́n bá sì tú méjì yòókù, wọn ò ní rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Orúkọ ti wà lára ife. Ohun tí Màmá fẹ́ ti ṣẹ, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀. Má sọ fún un pé o kọ lẹ́tà yẹn sí mi. Jẹ́ kó rò pé mi ò mọ nǹkan kan. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ èèyàn. Jẹ́ kí èmi náà ṣọ́ òun.

Ṣùgbọ́n mo ti jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́, n kò sì lè jẹun. Mọ́kàndínlógún lára wọn, ẹ̀yin lẹ dì í, wọ́n sì dára bí oòrùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ni mo bú.

Tiede ká bébà pátákó náà fún mi, mo gbé e sórí pẹpẹ, lẹ́yìn ìgò bíìtì. Wọ́n ti fi bébà dúdú kékeré lẹ ihò rẹ̀ pa. Bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí ó bá wù ọ́, gbé pátákó náà kọ́ sára ògiri, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n fi èékánná ṣí èyí tó wà lápá òsì nísàlẹ̀, lọ́tọ̀ sí àwọn yòókù, rọra ṣe é kó má ya. Fi sísọ́ọ̀sì gé bébà tó yí ihò náà ká, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá rẹ,
Darrell